Kọ́ọ̀dù Méjì tí Agnes Mọ̀

Nínú fọ́ọ̀mù tí Agnes Ọláfimíhàn kọ nígbà tó ń wáṣẹ́ tíṣà sí ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Ìgàndó, ibì kan wà tí wọ́n ti béèrè ohun mìíràn tí èèyàn mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn méje ló jókòó tí wọ́n ń retí ìpè lọ́jọ́ náà, irú ìwé-ẹ̀rí kan náà ló sì wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Agnes ronú díẹ̀, ó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun mọ gìtá ta. Gìtá kan ṣoṣo tó fọwọ́ kàn rí ni èyí tí àbúrò bàbá rẹ̀ gbé kọ́ ara ògiri l'Óǹdó, eruku ara rẹ̀ ló sì máa ń nù.

Wọ́n gbà á síṣẹ́. Ọdún mẹ́ta kọjá, kò sẹ́ni tó béèrè gìtá lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2012, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí wọ́n ṣe ayẹyẹ ìparí ọdún ẹ̀kọ́, Ìyáàfin Adébùnmí tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà pè é sí ọ́fíìsì, ó sì na gìtá tuntun kan sí i. Ó ní òun kò gbàgbé ohun tó kọ sínú fọ́ọ̀mù, kó máa fi gìtá gbe orin mẹ́ta tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ máa kọ. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí Agnes ti sọ òótọ́. Ẹnu rẹ̀ ní, "Ẹ ṣé, mà."

Ó béèrè kiri títí wọ́n fi júwe Jibril fún un, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń tún rédíò ṣe ní Ìdímù, tó ti bá àwọn onílù ta gìtá káàkiri nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Bàbá Hamdalah ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Agnes gbé gìtá náà lọ bá a lẹ́yìn iṣẹ́, òun sì lẹni àkọ́kọ́ tó jẹ́wọ́ fún. Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì bá a wí. Ó ń fa àwọn okùn gìtá náà le lọ́kọ̀ọ̀kan títí ohùn wọn fi bára mu, ó wá ní kó kọ àwọn orin náà kí òun gbọ́. Agnes kọ orin ọwọ́ fífọ̀, ó kọ ti ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀, ó sì kọ ti ìdágbére.

"Kọ́ọ̀dù méjì péré ló wà nínú gbogbo ẹ̀, Tíṣà," ni Bàbá Hamdalah wí. "D àti A. Ẹ fi D ṣe ilé, kí ẹ fi A ṣe òde. Tí orin bá jáde lọ, ẹ tẹ A. Tó bá ti ń padà bọ̀ wálé, ẹ tẹ D. Ẹ̀yin náà á gbọ́ ọ létí yín." Ó fi ibi tí ìka ń tẹ okùn fún kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan hàn án.

Etí rẹ̀ gbọ́ lóòótọ́, ìka rẹ̀ ni kò gbọ́. Kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó parí, orí ìka mẹ́ta ti wú lọ́wọ́ òsì rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi ń fọ abọ́. Kí àwọn ìka náà tó kúrò lórí D dé orí A, èèyàn á ti ka ení, èjì, ẹ̀ta. Nígbà tí àwọn ọmọ bá lọ tán, á jókòó sórí àga kékeré nínú kíláàsì, á tẹ D, á tẹ A, á tún padà, láìkọrin rárá. Bàbá Hamdalah ló ní kó máa ṣe bẹ́ẹ̀, pé kí ìka kọ́kọ́ mọ ọ̀nà náà ná.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ta á fún àwọn ọmọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ibi tó ti fẹ́ kúrò lórí D ni ọwọ́ rẹ̀ ti ṣì, ó bá dákẹ́. Àwọn ọmọ kò dákẹ́ ní tiwọn. Fàdìlàt, tó kéré jù nínú wọn, ló ṣáájú, wọ́n pàtẹ́wọ́ kọ orin wọn dé òpin, wọ́n sì wá ń wo ojú tíṣà wọn. Nígbà tó ròyìn rẹ̀ ní Ìdímù, Bàbá Hamdalah ní orin kì í dúró de onígìtá. Ó ní tí ọwọ́ bá ti ṣì, kó fi ibẹ̀ sílẹ̀, kó lọ pàdé wọn níwájú.

Ó gbìyànjú rẹ̀, ó sì ń bọ́ sí i. Kò pẹ́ tó fi rí i pé orin tó gba kọ́ọ̀dù méjì náà ju mẹ́ta lọ. Orin tí ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún gbà á, orin tí wọ́n ń kọ tí wọ́n bá ń lọ pọnmi náà gbà á. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, Ìyáàfin Adébùnmí wá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó gbọ́ orin náà tán. Ó ní òun máa kéde rẹ̀ fún àwọn òbí lọ́jọ́ ayẹyẹ pé láti oṣù kẹsàn-án, Àǹtí Agnes ni yóò máa kọ́ àwọn ọmọ tó dàgbà díẹ̀ ní gìtá. Agnes gbé gìtá náà sílẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí fọ́ọ̀mù dé orí Bàbá Hamdalah.

Ìyáàfin Adébùnmí jókòó sórí àga ọmọdé kan.

"Obìnrin kan wà lára àwọn tó wá wáṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, Wàsílátù lorúkọ ẹ̀. Ó ti fi ọdún mẹ́sàn-án ṣe tíṣà. Òun ni mo fẹ́ mú. Gìtá tó o kọ sínú fọ́ọ̀mù ni mo rí tí mo fi mú ẹ."

Agnes ti rò pé irọ́ náà kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Wọn kò lé e. Ìyáàfin Adébùnmí ní àwọn ọmọ ti mọ orin wọn, kó ta á fún wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gìtá ti parí. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, ọwọ́ Agnes ṣì lẹ́ẹ̀kan nínú orin kejì. Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀, ó sì bá àwọn ọmọ níwájú. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́ gan-an. Ìyáàfin Adébùnmí náà pàtẹ́wọ́, kò kàn wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni.

Nígbà ọlidé, tíṣà kan kó lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá, àyè sì ṣí sílẹ̀. Agnes lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n pe Wàsílátù kí wọ́n tó pe ẹlòmíràn. Ìyáàfin Adébùnmí wò ó títí, ó wá fa fọ́ọ̀mù àtijọ́ tí Wàsílátù kọ yọ. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ kò lọ mọ́. Agnes da àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ kọ, ó sì wá a lọ sí Ìṣẹ̀rí-Olófin fúnra rẹ̀. Onílé sọ fún un pé obìnrin náà ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà sí Ìbàdàn láti ọdún tó kọjá, òun kò sì mọ ibi tó wà níbẹ̀.

Láti ibẹ̀ ló gba Ìdímù lọ. Bàbá Hamdalah gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán bó ṣe ń tú ẹ̀yìn rédíò kan. Nígbà tó yá, ó bi í bóyá kí àwọn bẹ̀rẹ̀ kọ́ọ̀dù kẹta. Agnes ní kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.