Ta Ló Máa Béèrè Ìwúwo Purinsípà?

“Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta ni!” Rédíò, aláriwo kíláàsì, ń búra. “Bó bá dín, kí ẹ má pè mí ní Rédíò mọ́.”

“Mẹ́ta kẹ̀? Ikùn nìkan nìyẹn, a ò tíì ka orí mọ́ ọn,” ẹnì kan dáhùn láti ẹ̀yìn. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín débi pé ìdajì ìlú gbọ́.

Àǹtí Físíìsì gbá tábìlì. “Faransé! Tẹ́ ẹ bá máa bú Purinsípà, ẹ fi Faransé bú wọn!”

Lójú ẹsẹ̀, ariwo náà bọ́ sí Faransé. Faransé ọ̀hún ń tiro, ó ń ṣubú, ó ń dìde, àmọ́ ó ń lọ. Ẹ gbà mí gbọ́, níbẹ̀rẹ̀ ọdún, bí wọ́n bá ní kí àwọn ọmọ yìí fi Faransé sọ orúkọ ara wọn, òkè àjà ni wọ́n máa ń wò bí ẹni tí ilé fẹ́ wó lù. Obìnrin yìí, tó ń fi Faransé kọ́ wọn ní Físíìsì, ló tún ayé wọn ṣe. Kò kọ nǹkan kan sójú pátákó kí wọ́n dà á kọ. Ìwé ìròyìn àlòkù ló kó wọ kíláàsì, òkè ìwé ìròyìn gidi, ó ní kí wọ́n fi kọ́ afárá, àti pé ẹni tó bá fẹ́ gọ́ọ̀mù, Faransé ni kó fi tọrọ ẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ ń tú mọ́ lọ́wọ́ kì í pẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń pe gọ́ọ̀mù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ìwúwo, tí wọ́n kọ́ agbára, tí wọ́n kọ́ ìdí tí nǹkan fi ń dúró àti ìdí tó fi ń wó. Láti ibi tí oòrùn ti ń yọ títí dé ibi tó ń wọ̀ sí, ẹ wá irú tíṣà yẹn wá kí n rí i.

Afárá náà wà láàárín kíláàsì. Ó gùn tó bẹ́ẹ̀dì, òpó mẹ́fà tí wọ́n fi ìwé ká ló gbé e ró, ó sì dán bí ẹni pé ọba ló fẹ́ gbà á kọjá.

Purinsípà nìkan ni kò rí ẹwà ẹ̀. “Àǹtí,” ló ti sọ fún un, “ẹni tí kò tíì mọ ìrìn lẹ ní kó máa jó yìí. Físíìsì le, Faransé le, ẹ wá dì wọ́n ní ẹrù kan náà ru ọmọ ọlọ́mọ. Lọ́jọ́ Ẹtì, èmi fúnra mi á gun afárá yẹn. Bó bá gbé mi, ẹ máa bá a lọ. Bó bá wó, ẹ kó gbogbo ẹ̀ dànù, kí ẹ padà sídìí pátákó.”

Ẹ ò tíì rí Purinsípà yìí o! Erinlákátabú làwọn ọmọ ń pè é ní kọ̀rọ̀. Bó bá jókòó, àga á sunkún. Bó bá ń bọ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀, fèrèsé ló máa kọ́kọ́ gbọ̀n.

“Àǹtí,” Jẹ́jẹ́ sọ. Ọmọbìnrin tí ohùn ẹ̀ kéré ju ti èèrà lọ ni. “A ti da iyanrìn lé òpó kan títí tó fi tẹ̀. Ogún kílò ló lè gbé. Ó ku ká mọ ìwúwo Purinsípà.”

“Ta ló máa béèrè?” Rédíò bi í.

Ọmọ wo ló máa kò àgbàlagbà lójú, táá ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo lẹ ṣe wúwo tó?” Kó tó délé, ẹjọ́ ẹ̀ á ti ṣáájú ẹ̀ délé.

“Èmi á lọ,” Àǹtí Físíìsì sọ.

Ó lọ lóòótọ́. Ó kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó wọlé, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

“Ẹ káàsán, sà.”

“Káàsán, Àǹtí. Ṣé kò sí o?”

“Kò sí, sà. Mo ní kí n bi yín ní... sà...” Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun, ó ṣẹ́rí padà. “Ṣé ẹ ti jẹun, sà?”

“Mo ti jẹun.”

“Ṣé ó yó yín dáadáa, sà?”

Purinsípà yọ awò ojú ẹ̀. “Kí ló dé gan-an? Ṣé mo rù ni?”

“Rárá o, sà! Ẹ ò rù rárá!”

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló gbọ́ ohun tó sọ. Bó ṣe já síta, oyin ò lè lé èèyàn sáré tó bẹ́ẹ̀.

“Ẹ kọ ọgọ́rùn-ún kílò,” ó sọ fáwọn ọmọ.

“Ṣé wọ́n sọ ọ́ fún yín ni, mà?” Jẹ́jẹ́ béèrè.

“Mo ní kẹ́ ẹ kọ ọgọ́rùn-ún.”

Lọ́jọ́ Ẹtì, Purinsípà wọlé tòun ti táì. Ó ní òun gbọ́ Faransé kí wọ́n tó bí àwọn ọmọ yìí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi èdè mìíràn bá òun sọ̀rọ̀. Rédíò ló ṣàlàyé òpó, ariwo ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òrùlé lọ. Purinsípà bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè bí àkùkọ inú ẹrẹ̀. Àǹtí Físíìsì di ara ògiri mú.

“Ẹ dúró, sà.”

Jẹ́jẹ́ ni. Ó ti dìde. Faransé ni gbogbo ohun tó ń sọ, ó ń mú un lẹ́yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì.

“Ọgọ́rùn-ún yẹn kì í ṣe òótọ́. A kàn méfò ni. Ẹ jọ̀ọ́, kílò mélòó lẹ jẹ́?”

Lédè ilé, ìgbátí ì bá ti pàdé ìbéèrè yẹn lọ́nà. Àmọ́ kò sí àrífín kankan lẹ́nu ọmọ náà. Bó ṣe ń béèrè ìwúwo iyanrìn inú korobá ló ṣe béèrè ti Purinsípà. Ìdí iṣẹ́ ló ti kọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀hún, iṣẹ́ náà ló sì fi í ṣe.

Àǹtí Físíìsì lanu. “Jókòó” ló wà lẹ́nu ẹ̀. Ó gbé e mì, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó nà án sí Jẹ́jẹ́.

Purinsípà sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo kíláàsì. Lẹ́yìn náà, òkè ńlá yẹn bẹ̀rẹ̀, ó sọ nǹkan sétí Jẹ́jẹ́.

Jẹ́jẹ́ fi ẹ̀yìn bo pátákó, ó ṣírò. Rédíò na ọrùn títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já, kò rí nǹkan kan. Ọmọ náà ti fọwọ́ nu nọ́ńbà ọ̀hún kó tó yíjú padà.

“Ẹ má gùn ún, sà. Ó máa wó. Òpó méje ló lè gbé yín bẹ́ ẹ bá dúró lójú kan. Bẹ́ ẹ bá máa rìn, mẹ́jọ.”

“Kí ló dé tí ìrìn fi gba òpó sí i?”

“Torí bẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀, ìwúwo yín á... á...” Ọ̀rọ̀ sá mọ́ ọn lẹ́nu. Odindi kíláàsì ló jù ú sí i lẹ́ẹ̀kan náà, Faransé gidi. “Á sún!” ó pariwo. “Á sún sórí òpó díẹ̀!”

Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé Jẹ́jẹ́ lè pariwo.

“Ó parí náà nìyẹn, sà,” Àǹtí Físíìsì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “A máa kó o dànù.”

“Ta ló ní kẹ́ ẹ kó nǹkan dànù?” Purinsípà ṣì ń sọ Faransé. Ó tú táì ẹ̀, ó wá àga jókòó, àga sunkún. “Rédíò, ìwé ìròyìn àtijọ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi. Kó gbogbo ẹ̀ wá. Òpó méjì ló kù.”

Àṣé ó mọ orúkọ ọmọ náà!

Nígbà tí ìwé dé, Purinsípà fa ewé kan yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Jẹ́jẹ́ wo ọwọ́ ẹ̀.

“Ó dẹ̀ jù, sà,” ó sọ.

Purinsípà tú u, ó tún un ká.