Ẹni Tí Igi Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń rí yunifásítì wa lórí kàlẹ́ńdà, tí wọ́n ya ọgbà méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé ojú kan náà ni wọ́n wà, irọ́ ni wọ́n ń pa fún yín. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni ọgbà Òkè tẹ́lẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ sì ni ọgbà Ìsàlẹ̀. Ìjọba ló kàn jí lọ́jọ́ kan, tó so wọ́n pọ̀, tó ní kí wọ́n máa jẹ́ yunifásítì. Títí di òní, àwọn ará Òkè ń pe ará Ìsàlẹ̀ ní onígbẹ́ màlúù, àwọn yẹn náà ń pe wọ́n ní ajẹṣọ́ọ̀kì. Ohun kan ṣoṣo tó so wọ́n pọ̀ lóòótọ́ ni ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ sára òkè, àpáta lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì, tí ọkọ̀ méjì kò lè gba ara wọn kọjá níbẹ̀.

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ wa bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà yẹn. Ọkọ̀ kan pàdé rẹ̀ ní kọ́nà, kò sì padà wálé mọ́. Oyún ọmọ wa wà nínú mi nígbà náà. Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni àwọn awakọ̀ gé igi kan, wọ́n kùn ún ní pupa, wọ́n ní ẹni tí igi bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ wọ ọ̀nà. Bó bá gòkè, tí èrò àti ẹrù bọ́ sílẹ̀ tán, á gbé igi fún ẹni tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀; ẹni yẹn náà á gbé e fún ẹni tó ń gòkè. Ọ̀gá àgbà yunifásítì pàápàá ń dúró de igi. Nígbà tó yá, èmi náà gba bọ́ọ̀sì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì sọ mí ní Ìyá Bọ́ọ̀sì.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, bọ́ọ̀sì mi wà ní Ìsàlẹ̀, ọmọ mi jókòó lẹ́yìn mi, ó di píròjẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ àyà. Ìtàn ló ń kọ́, ìtàn bí ọgbà méjèèjì ṣe di ọ̀kan ló sì kọ. Ó ń lọ gbèjà rẹ̀ lókè níwájú ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ti yunifásítì mìíràn wá. Wọ́n ti kìlọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ọkọ̀ òfurufú ń dúró de ọkùnrin náà, kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá bá a, ó di ọdún tó ń bọ̀. Mi ò tíì fi nǹkan kan sẹ́nu. Ó dà bí ẹni pé èmi ni wọ́n fẹ́ bi léèrè.

Awakọ̀ kejì, Má-kánjú, ni a ń dúró dè. Orúkọ ló ń ro ọkùnrin náà. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ dé, mo nawọ́ láti gba igi, ni ojú rẹ̀ bá yí padà. Ó ti gbé igi lé orí ògiri lókè kó lè fọ gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ó pe ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lórí fóònù, onítọ̀hún kò gbé e.

"Ìyá Bọ́ọ̀sì, ẹ máa lọ," ó ní. "Kò sí ọkọ̀ kankan lẹ́yìn mi."

"Ẹni tó bá wá rí igi lórí ògiri ńkọ́? Ṣé kò ní rò pé òun ló kàn ni?"

Ó tún gbé fóònù sétí. Inú bí mi débi pé ǹ bá gbá a létí, bí kì í bá ṣe ti ewú orí rẹ̀. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọmọ mi dìde, ó wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Mọ́mì, ọdún mẹ́rin rèé. Ṣé nítorí igi lásán?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ó kọ odindi orí kan nípa ọ̀nà yẹn, kò mẹ́nu ba igi níbẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìtàn. Ọwọ́ mi wà lórí kọ́kọ́rọ́. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo fẹ́ yí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mo fa kọ́kọ́rọ́ yọ, mo fi í sápò.

Kò bá mi jà. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́, ó fi báàgì sílẹ̀ lórí ìjókòó, ó gbé píròjẹ́ẹ̀tì, ó fẹsẹ̀ rìn forí lé òkè. Mo pè é, kò wẹ̀yìn. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà náà kò ṣeé fẹnu sọ. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, òun ló máa kọ́kọ́ pàdé.

Kò pẹ́ tí a gbọ́ fèrè. Ọkọ̀ ńlá tó ń gbé omi yọ ní kọ́nà, ó ń bọ̀ tagbáratagbára, igi pupa wà níwájú awakọ̀ rẹ̀. Kí ọkọ̀ náà tó dúró tán ni mo ti dé ẹnu fèrèsé, mò ń béèrè ọmọ mi. Awakọ̀ ní òun rí i, ó fara mọ́ àpáta, ó ń juwọ́ sí òun pé kí òun yára gbé igi dé ìsàlẹ̀.

Mo gba igi, mo wakọ̀. Mo bá a lẹ́yìn kọ́nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún eruku. Ó wọ ọkọ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rẹ̀.

Nígbà tí a dé Òkè, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ti ń dúró de igi, ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó sẹ́yìn nínú rẹ̀, ó ń wo aago. Wọ́n ti pe orúkọ ọmọ mi, wọn ò rí i, wọ́n sì ti parí. Síbẹ̀ ó sáré wọ yàrá ìdánwò lọ. Àwọn èrò bọ́ sílẹ̀. Awakọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n nawọ́ sí mi láti gba igi.

Mo wẹ̀yìn. Báàgì ọmọ mi ṣì wà lórí ìjókòó. Mo gbé igi lé itan mi.

Mo sọ fún awakọ̀ náà pé ẹrù ṣì kù nínú ọkọ̀. Ó ní kí n gbé e sọ̀kalẹ̀ nígbà náà. Mo ní báàgì ọlọ́báàgì ni, mi ò fọwọ́ kàn án. Mo mọ̀ pé wọ́n lè gba bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi fún irú èyí. Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ fèrèsé kalẹ̀, ó béèrè ta ló ni báàgì.

"Ọmọ tó yẹ kí ẹ dán wò ni, sà. Ọ̀nà ló dá a dúró. Ó ń dúró dè yín nínú yàrá yẹn."

Ó wo aago, ó wo igi, ó wo ojú mi títí. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì padà sínú yàrá ìdánwò.

Gbogbo àdúrà tí mo mọ̀ ni mo gbà, mo tún gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Awakọ̀ rẹ̀ ń fọn fèrè, mo ṣe bí adití. Nígbà tí ọmọ mi jáde, mi ò rí nǹkan kan kà lójú rẹ̀. Ó wọ bọ́ọ̀sì, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Mo yege, Mọ́mì. Ọ̀rọ̀ igi ni ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́kọ́ bi mí. Ó ní kí ni igi tó dá òun dúró lọ́nà."

"Kí lo fi dá a lóhùn?"

"Mo ní ti bàbá mi ni."

Ó mú igi kúrò lórí itan mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lọ fún awakọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n.