Ọlọ́fà Olóró Inú Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ

Ọwọ́ ló kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ títún fóònù ṣe ni ọkùnrin yìí, àbúrò aránṣọ kan, ń ṣe, ó sì máa ń tú nọ́ọ̀tì tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ láìwo ọwọ́ ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kan nọ́ọ̀tì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ṣíbí oúnjẹ pẹ̀lú bọ́. Dókítà ní àrùn tó ń jẹ iṣan ni, kò sì sí oògùn tó lè dá a dúró. Ọwọ́ ni yóò kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ahọ́n, lẹ́yìn náà èémí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ náà, gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí yóò ṣọ́ ọ nílé. Ó tẹ́ àga gígùn kan fún un láàárín tábìlì ìgé-aṣọ àti ògiri, ó sì kan tẹlifíṣọ̀n mọ́ ògiri níwájú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà bẹ̀bẹ̀ fún. Géèmù kan wà tó ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀. Ó fẹ́ ṣẹ́gun Ọba Abẹ́ Àpáta, ọ̀tá tó gbẹ̀yìn nínú eré náà, kí ohùn rẹ̀ tó lọ. Bí ohùn bá lọ, kò ní sí ohun tí yóò fi darí ọwọ́ ẹlòmíràn mọ́.

"Ọwọ́ yín, orí mi," ló wí.

"Orí tó kó ọ síbi tó o wà yìí?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fèsì, ṣùgbọ́n ó gba pádì tí wọ́n fi ń darí géèmù náà.

Obìnrin tí kì í fi nǹkan ṣòfò ni aránṣọ yìí. Àjákù aṣọ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbá dànù, àpò ṣòkòtò ló ń fi í rán. Nígbà tí kò bá sí oníbàárà, tí áyọ́ọ̀nù sì ń tutù, á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àbúrò rẹ̀, á sì máa tẹ ibi tó bá ní kó tẹ̀.

Obìnrin ọlọ́fà ni ẹni tí wọ́n ń darí nínú eré náà. Aránṣọ sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́. Ọfà rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ju kí yànmùyánmú jẹni lọ. Oró tó wà lẹ́nu ọfà náà ló ń ṣiṣẹ́. Gbogbo pọ́íǹtì tí wọ́n ń rí gbà bí wọ́n ti ń gòkè, orí oró ni ọkùnrin náà ń ná an sí. Kò ra agbára fún Abẹ́rẹ́, kò ra ìhámọ́ra. Ó sì ti yan ọ̀nà tó le jù: bí Abẹ́rẹ́ bá kú, eré náà yóò pa á rẹ́ pátápátá.

"Ọmọ yìí wà níhòòhò," ni aránṣọ wí. "Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án báyìí, ó ti pa á."

"Iṣẹ́ yín ni kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ẹ ta ọfà kan. Ó tó. Ẹ máa sá."

"Kò tíì kú."

"Ó ti kú, Ẹ̀gbọ́n mi. Kò tíì mọ̀ ni."

Aránṣọ ń sá káàkiri ojú tẹlifíṣọ̀n, ọ̀tá náà ń lé e bọ̀. Láìpẹ́ ọ̀tá náà ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó ṣubú. Inú obìnrin náà dùn, kó tó rántí gbólóhùn tí àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Ó dìde, ó lọ tan áyọ́ọ̀nù.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn. Nígbà kan, obìnrin kan tó wá gba ẹ̀wù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n.

"Àgbà méjì ń ṣeré ọmọdé. Ẹ̀wù mi ńkọ́?"

"Ẹ̀wù yín wà lórí hángà látàná. Ẹ̀yin lẹ ò wá."

Àbúrò náà sọ nǹkan kan, ó sì rẹ́rìn-ín. Oníbàárà yíjú sí aránṣọ. "Kí ló wí?"

"Ó ní kẹ́ ẹ má sanra kún un kẹ́ ẹ tó délé."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n aránṣọ ti ṣàkíyèsí i: òun nìkan ló kù tó ń gbọ́ ohun tí àbúrò òun ń sọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin náà sùn lọ. Aránṣọ ti rán iṣẹ́ ọjọ́ náà tán, ó sì mú pádì láti pa àwọn ọ̀tá wẹ́wẹ́ tí kò lè ṣe Abẹ́rẹ́ ní nǹkan. Níbẹ̀ ló ti rí i pé pọ́íǹtì ti kóra jọ, ẹnikẹ́ni kò sì ná an. Lójú rẹ̀, ńṣe ló dà bí ìgbà tí aṣọ kún àpótí tí ọmọ ń gbọ̀n nínú òtútù. Ó kó gbogbo rẹ̀, ó ná an sórí agbára ọrun.

Nígbà tí àbúrò jí, ó sọ fún un. "Mo ti bá ọ ná àwọn pọ́íǹtì tó jókòó lásán."

"Sí kí ni?"

"Sí agbára ọrun. Ó ń dunni wàyí."

Ọkùnrin náà wo iye pọ́íǹtì tó kù lójú tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn náà ló wá là á yé e, ọ̀rọ̀ kan, ìsinmi kan. Ẹ̀ka ìkẹyìn wà nínú ìmọ̀ oró, èyí tí kì í jẹ́ kí oró tán lára ọ̀tá títí ọ̀tá yóò fi kú. Gbogbo pọ́íǹtì yẹn ni yóò gbà. Ní ìpele tó ń bọ̀ gan-an ni ẹ̀ka náà ì bá ṣí sílẹ̀ fún wọn.

"Kò ṣeé gbà padà?"

"Kò ṣeé gbà padà."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mo rò pé ẹ máa bi mí. Ọ̀rọ̀ ti ń wọ́n lẹ́nu mi. Mo ń ṣọ́ ọ ná."

Aránṣọ dìde lọ sídìí tábìlì ìgé-aṣọ. Ó gbé sísọ́ọ̀sì, ó sì gé aṣọ tí kò yẹ kó gé lọ́jọ́ náà.

Kí wọ́n tó lè kó pọ́íǹtì mìíràn jọ, yóò gbà wọ́n ní oṣù púpọ̀. Wọn kò ní oṣù púpọ̀. Kí ọjọ́ tó lọ jìnnà, ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu ọkùnrin náà kò ju "ta" àti "sá" lọ. Fún ìyókù, wọ́n ṣe àdéhùn: bó bá pa ojú méjèèjì dé, bẹ́ẹ̀ ni; bó bá gbójú sókè wo àjà, rárá.

"Ṣé ká lọ bá ọba yẹn bẹ́ẹ̀?" ni aránṣọ bi í láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò há àwọn oníbàárà mọ́lé.

Ó pa ojú dé.

Ọba Abẹ́ Àpáta tóbi ju ilé lọ. Ìlà tó ń fi bí ẹ̀mí rẹ̀ ṣe kù tó hàn gùn láti etí tẹlifíṣọ̀n kan dé èkejì. Aránṣọ ta ọfà kan, ó sá. Nítorí ẹ̀ka tí wọn kò ní, oró náà ń tán kíákíá, ó sì di dandan kó tún sún mọ́ ọba náà. Ó ta, ó sá, ó dúró. Ẹni tí kò lè jókòó kí omi hó kó má wá nǹkan mìíràn ṣe, ó kọ́ láti dúró. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìlà ẹ̀mí náà ń kúrú bí òwú tí a ń fà yọ létí aṣọ.

"Ta," ni àbúrò rẹ̀ wí.

Ó ta. Ọfà wọlé. Ìlà náà kù díẹ̀ bí èékánná.

Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn kan tí kì í ṣe ọ̀rọ̀. Itọ́ ti gba ọ̀nà òdì lọ́fun àbúrò rẹ̀. Eré náà kò ṣeé dá dúró. Aránṣọ ju pádì sórí òkìtì aṣọ, ó kọ ẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n, ó gbé ọkùnrin náà dìde, ó tẹ orí rẹ̀ lé èjìká ara rẹ̀, ó sì ń lu ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gbọ́ igbe Abẹ́rẹ́ lẹ́yìn òun. Kò yíjú. Ó ń nu ẹnu rẹ̀, ó ń lu ẹ̀yìn rẹ̀, títí èémí fi wọlé, tó sì jáde.

Ìgbà tó yíjú, tẹlifíṣọ̀n ti padà sí ojú ewé àkọ́kọ́. Àyè Abẹ́rẹ́ ṣófo.

"Ó ti lọ," ló wí. "Má bínú sí mi. Èmi ni mo ná ohun tí ì bá gbà á là."

Ọkùnrin náà gbójú sókè wo àjà.

"Rárá? O ò bínú?"

Ó pa ojú dé, ó là á, ó tún wo àjà. Kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ojú rẹ̀ ń sáré láàárín ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti tẹlifíṣọ̀n. Aránṣọ dúró, ó rò ó dáadáa.

"Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí mi ò rí?"

Ó pa ojú dé.

"Ọba yẹn kú?"

Ó pa ojú dé.

"Lẹ́yìn tí Abẹ́rẹ́ ti kú? Oró yẹn ló pa á?"

Ó pa ojú dé, ó sì pẹ́ kó tó là á. Omi jáde lójú rẹ̀.

Aránṣọ wo tẹlifíṣọ̀n. Kò sí ohunkóhun níbẹ̀ tó lè jẹ́rìí. Eré náà kì í ka ìṣẹ́gun fún òkú. Ó lè jẹ́ pé àbúrò òun ń tu òun nínú ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kò tíì fi irọ́ tu òun nínú rí. Òun gan-an ló jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tún ọ̀rọ̀ dókítà sọ fún un títí dé orí èémí, nígbà tí obìnrin náà kọ̀ láti gbọ́.

Ó fa àga sún mọ́ ọn. Ó pa tẹlifíṣọ̀n.

"Báwo ló ṣe ṣubú? Ó fojú bolẹ̀?"

Ó wo àjà.

"Ó fẹ̀yìn lélẹ̀?"

Ó wo àjà.

"Ẹ̀gbẹ́. Ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀."

Ó pa ojú dé.

Òjò ti dá. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn, ó ní òun wá wọn ara òun fún ẹ̀wù. Aránṣọ kò dìde. Ó ní kó padà wá lọ́la, ó sì yíjú sí àbúrò rẹ̀.

"Ṣé ó pariwo?"