Àgbàdo Tí Kò Lè Di Irúgbìn

Nígbà tí baálé ilé kú, ọmọbìnrin rẹ̀ ló fi ilé-iṣẹ́ irúgbìn àgbàdo sílẹ̀ fún. Inú àbúrò baálé náà kò dùn rárá. Ọ̀gá Kékeré ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà láti ìgbà èwe. Irun rẹ̀ ti funfun báláú, orúkọ ọ̀hún kọ̀, kò dàgbà. Ọkàn rẹ̀ ti wà lára àga ọ̀gá àgbà tipẹ́. Àfi bí ọmọ tó gbé jó ṣe jókòó síbẹ̀!

Nínú oko wọn, ìlà akọ àti ìlà abo ni wọ́n máa ń gbìn. Wọn á já ìrùkẹ̀rẹ̀ orí abo dànù, kí lẹ́búlẹ́bú akọ nìkan lè bọ́ sí i lára. Láyé ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá Kékeré, ìlà tí wọ́n bá ri igi pupa mọ́ ni wọ́n ń já. Ọmọ yí i padà: onígi pupa ni kí wọ́n má fọwọ́ kàn. Ó ṣàlàyé rẹ̀ nípàdé, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Kékeré ti fìbínú jáde. Ta ni yóò kọ́ òun níṣẹ́? Ló bá kó àwọn alágbàṣe wọ oko, wọ́n já gbogbo onígi pupa bíi ti tẹ́lẹ̀, àṣé akọ ni wọ́n já tán porogodo.

Nígbà tí àṣírí tú, lẹ́búlẹ́bú abo ti bọ́ sí abo fúnra rẹ̀ lára, irúgbìn ti bàjẹ́, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ọ̀gá Kékeré sáré wọ ọ́fíìsì ọmọ náà, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ọmọ mi, jẹ́ kó mọ sáàárín wa. Àgbàdo á ṣáà so. Kò sẹ́ni tó máa wojú ẹ̀ tó máa mọ̀."

"Ẹni tó bá gbìn ín á mọ̀, bàbá. Títà fún jíjẹ la máa tà á."

Ọmọ náà fa fóònù, ó ń pe àwọn àgbẹ̀ tó ń retí irúgbìn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ má bínú. Èmi ni mo yí àmì padà, mi ò sì rí i pé gbogbo èèyàn gbọ́." Àwọn kan bú u. Ó ní wọ́n jàre. Ọ̀gá Kékeré ń retí ìgbà tí yóò dárúkọ òun. Kò dá a. Ẹnu ya ọkùnrin náà débi pé kò mọ ìgbà tó ṣí fìlà lórí.

Ó gbé kọ́kọ́rọ́ oko sórí tábìlì. "Gbà á. Mi ò yẹ mọ́."

"Ẹ mú un, bàbá. Ẹ̀yin lẹ máa ṣáájú jíjá lọ́dún tó ń bọ̀."

"Lẹ́yìn ohun tí mo ṣe yìí?"

"Ta ló tún máa ṣọ́ra tó yín?"

Ọ̀gá Kékeré dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ náà.

"Ó dáa, Ọ̀gá mi," ló wí. "Kí lẹ ní ká kọ́kọ́ ṣe?"