Gìtá Ẹ̀yìn Kọ́tìnì

Iyọ̀ òkun Port-Bouët ti jẹ inú píánò oníná ṣọ́ọ̀ṣì wa, èyí tí gbogbo wa ń pè ní synthé. Iná ara rẹ̀ ṣì ń tàn o, ohùn ni kò jáde mọ́. Mo ní kí n máa fi gìtá mi bá ẹgbẹ́ akọrin lọ. Bàbá Ògúnbíyìí, olórí àwọn àgbà ìjọ, ní ohun èlò maquis, ibi ọtí àti ijó, kò gbọdọ̀ wọ ilé Ọlọ́run. Bàbá yìí náà ló bí Adéfọlákẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣaya, kò sì fẹ́ rí mi nítòsí ilé rẹ̀. Inú bí mi, mo ní màá tan án jẹ.

Mo wá àwọn pẹ́dà, àpótí kéékèèké tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ọ̀kan ń bo ìró ìka lára okùn, kí orin lè máa yọ díẹ̀díẹ̀; òmíràn ń fi ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ kún un; èyí tó kù kì í jẹ́ kó tètè kú. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á búra pé synthé ni. Mo so gìtá mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo sá sẹ́yìn kọ́tìnì. Didier, ọ̀rẹ́ mi tí kò mọ nǹkan kan nínú orin, sọ fún ìjọ pé òun ti tún píánò ṣe, ó jókòó sídìí rẹ̀, ó ń tẹ ohun tí kò dún.

Ara mi ni mo tàn jẹ. Didier á mi orí, á di ojú, àwọn màmá á máa fi aṣọ ìnujú nu òógùn fún un. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Bàbá dì mọ́ ọn, ó ní, "Didier, irú rẹ gan-an ni mo fẹ́ kí Fọlákẹ́ fẹ́."

Didier ò jiyàn. Ó ní, "On va voir, Bàbá, a ó máa wò ó." Díẹ̀ ló kù kí n fi gìtá fọ́ ọ lórí.

Bàbá ní lọ́jọ́ Ìkórè, lẹ́yìn orin, òun á kéde ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ọjọ́ pé, ìbànújẹ́ gba ọkàn mi. Mo di ojú, mo ń ta gìtá, omi ń bọ́ lójú mi. Àwọn tó rí i ló sọ ìyókù fún mi. Wọ́n ní Fọlákẹ́ dìde láàárín orin, ó ní òun fẹ́ ti fáànù bọná fún bàbá òun, ó sì fa okùn iná píánò yọ. Iná ara píánò kú. Orin ò dúró. Didier gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá ká mọ́. Orin ò dúró síbẹ̀.

Bí mo ṣe la ojú, Bàbá ti fa kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wo gìtá, ó wo ẹsẹ̀ mi lórí pẹ́dà, ó wo ojú mi.

"Donc, ìwọ ni láti ìgbà yìí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Parí ẹsẹ tó kù," ó ní. "Tí a bá jáde, wá rí mi nílé. Má mú Didier wá."

Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Fọlákẹ́ dúró síbẹ̀, okùn píánò lọ́wọ́ rẹ̀, fáànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò tíì tì bọ ibì kankan. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀, Bàbá gan-an wọ súwẹ́tà.