Owú Pupa Inú Fáànù

"Owú nìyí o!" Sàídátù tó ń tún ẹ̀rọ ṣe fi ẹ̀mú fà á jáde láti inú fáànù láptọ́ọ̀pù, ó tẹ́ ẹ sórí bébà: owú pupa, ó dì bí ìtẹ́ ẹyẹ.

Háà! Malikah yọjú wò ó. Láti Ìlobù ló ti gbé ẹ̀rọ náà wá sí Ìfọ́n láàárọ̀ yìí, ìlú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti tún dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ta ló ń rántí ìjà nígbà tí oúnjẹ fẹ́ bọ́ lẹ́nu ẹni? Ẹ̀rọ yìí ló fi ń kọ́ àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ní Yorùbá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kú mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn òbí sì ti ní bó bá tún kú nírọ̀lẹ́ òní, àwọn á wá olùkọ́ mìíràn.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pààrọ̀ bátìrì, mẹ́mórì àti dísìkì."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ì bá ti tà wọ́n fún un tayọ̀tayọ̀. "Bátìrì rẹ ò ṣe nǹkan kan. Mẹ́mórì tó o ní tó ọ. Ṣé ìwọ tó o ń kọ́ ọmọ márùn-ún nílò yàrá ogún ni? Dísìkì nìkan ló ti gbó. Wàá pààrọ̀ ẹ̀ tó bá yá. Ooru ló ń pa ẹ̀rọ rẹ. Nǹkan ló dí i nímú."

Ó gbá fáànù mọ́, ó nu ọ̀rá tó ń fa ooru, tó ti gbẹ lórí ọpọlọ ẹ̀rọ, ó fi tuntun ra á. Kò kánjú, kò sì fi iṣẹ́ ṣeré. Ọwọ́ yìí mà mọṣẹ́ o, Malikah wí nínú ara rẹ̀.

"Ta ló ń da aṣọ pupa bò ó nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́?"

"Kò sẹ́ni, mà."

"Ẹnìkan wà. Tó o bá rí i, má bá a jà. Ẹni tó ń bò ó fẹ́ràn rẹ̀."

Nígbà tó dé Ìlobù, Malikah tan ẹ̀rọ sílẹ̀ de ẹ̀kọ́, ó lọ ṣe àlùwàlá, ó kírun Àsárì. Bó ṣe padà wọlé, ìyá rẹ̀ ló bá níbẹ̀, tó ń rọra da ìborùn pupa bo láptọ́ọ̀pù náà: ìborùn onírun tó gbé bọ̀ láti Mẹ́kà, tí kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn.

"Eruku ò gbọdọ̀ ba ohun tó ń bọ́ wa jẹ́," ni màmá wí.

Yéè! Ariwo ti dé ètè Malikah: Màmá, àṣé ẹ̀yin ni! Ó gbé e mì. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó ká ìborùn náà dáadáa, ó gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. "Màmá, ẹ bá mi dì í mú ná. Ó fẹ́ ṣiṣẹ́, ó sì fẹ́ ráyè mí."

Wákàtí kan gbáko, ẹ̀rọ kò kú. Màmá jókòó sí kọ̀rọ̀, ìborùn lórí itan, ó ń gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń kàwé láti ìlú òyìnbó.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, Malikah pa ẹ̀rọ náà. Ó gbé ọwọ́ lé e títí ó fi tutù.

"Màmá, ó ti sùn. Ẹ wá bò ó."