Àpótí Olódòdó Màmá Liang

Ẹ̀kọ́ ilé tí Mọ̀ríámọ̀ gbà ní Ọ̀yọ́ kò já bọ́ lójú òfuurufú nígbà tó ń bọ̀ ní Maryland, ní Amẹ́ríkà. Abọ́ tí wọ́n bá fi gbé nǹkan wá fún ọ, dandan ni kó padà, kò sì gbọdọ̀ padà lófìfo.

Ní ìgbà òtútù ọdún 1996, òun ló kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà Màmá Liang, arúgbó ará Ṣáínà tó ń dá gbé nílé kejì sí tiwọn ní Clinton. Òun náà ló fi mọ́tò gbé e lọ sí ọsibítù nígbà tí ikọ́ dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó gbé àpótí róbótó kan wá, súìtì kún inú rẹ̀.

Ta ló ń wo súìtì! Àpótí náà pupa dẹ̀dẹ̀, òdòdó ńláńlá ni wọ́n gbẹ́ sí i lára, ewé ń lọ́ mọ́ ewé. Màmá Liang ní oje igi ni wọ́n ń kùn lé e, ìpele lórí ìpele, ó tó ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án.

Àpótí yìí wọ Mọ̀ríámọ̀ lọ́kàn. Síbẹ̀, ó din ṣínṣín kún inú rẹ̀, ó sì dá a padà. Ojú arúgbó náà fà ro díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà á. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún gbé e wá pẹ̀lú ọsàn. Mọ̀ríámọ̀ fi ẹ̀pà dá a padà. Ó tún di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, bisikíìtì ló wà níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Sàláhúdéènì ọkọ rẹ̀ bá a níbi tó ti ń fi ìka tọ ojú òdòdó.

"Ìyá Qonitah, return that thing o. Ọ̀kánjúà àti olè, déédé ni wọ́n jẹ́."

"Bàbá Qonitah, ẹ jẹ́ kí n wò ó tẹ́rùn ná. Saturday, màá gbé e lọ."

Ní Sátidé, ó kó kúlíkúlí sínú rẹ̀, ó gbé e lọ tìbànújẹ́-tìbànújẹ́. Màmá Liang kò nawọ́ gbà á.

"Kí ni àpótí mi ṣe ọ́?" ó bi í léèrè ní Gẹ̀ẹ́sì. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fún ọ, gbogbo rẹ̀ lò ń dá padà."

"Ẹ fún mi? Àpótí gan-an?"

"Àbí súìtì ni? Ìyá mi ló fún mi nígbà tí mò ń lọ sílé ọkọ. Mi ò bí ọmọbìnrin."

Ìtìjú àti ayọ̀ jọ kọlu Mọ̀ríámọ̀. Ó kúnlẹ̀ gbì sórí síméǹtì tútù, ó gbá àpótí mọ́yà, kúlíkúlí sì fọ́n káàkiri. Màmá Liang rò pé ó ṣubú ni, ó figbe ta, ó ń fà á lápá.

"Mi ò ṣubú, Mà. Mò ń dúpẹ́ ni."

"Dìde jàre, ilẹ̀ tutù!"

Kò tíì fẹ́ dìde. Ọdún mẹ́fà rèé tí ìyá rẹ̀ ti kú ní Ọ̀yọ́, kò sì tíì rí ìyá mìíràn kúnlẹ̀ fún.